Ó Fín Omi Dé Ilé Àna

Èmi Bàlíkísù aránṣọ ni mo ṣe alárinà láàárín Ikhlas ọmọ Bàbá Gàrúbà àti Khalilullah ará Ìkirè. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dára, àwọn tó ń sọ pé àwọn ló ṣe é ti pọ̀ ju ọkọ àti ìyàwó lọ. Nígbà tó ń gbóná, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gàrúbà ní Àpòmù, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣojú mi.

Alágbàfọ̀ ni Bàbá Gàrúbà. Kì í ṣe àwọn tó ń ti aṣọ bọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n á lọ máa sùn o. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n ń lò, ẹnu ni wọ́n sì fi ń fín omi. Wọ́n á bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á yọ, wọ́n á tẹ̀ síwájú díẹ̀, omi náà á jáde fúú, á tàn ká orí aṣọ láìsí ẹ̀kán kan tó tóbi ju èkejì lọ. Agbádá tí wọ́n bá lọ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa rìn bí ọmọ ọba. Láti Ìkòyí, láti Wásinmi, àní láti Gbọ̀ngán, wọ́n ń kó aṣọ wá fún wọn. Nínú gbogbo ọmọ wọn, Ikhlas nìkan ló kọ́ iṣẹ́ náà. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó sì gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n bó bá dúró nídìí tábìlì yẹn tó bu omi sẹ́nu, baba rẹ̀ pàápàá á dákẹ́ wò ó. Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbéraga ọmọ yẹn máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Ọgbẹ́ kan wà nílẹ̀ ṣá. Ṣáájú Khalilullah, àwọn kan wá láti Gbọ̀ngán, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ Ikhlas fún ọmọ àwọn. Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa títí ìyá ọkọ fi bá a nídìí tábìlì lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú omi lẹ́nu. Obìnrin náà padà sílé, ó sì ránṣẹ́ pé ọmọ òun ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi itọ́ lọ aṣọ aláṣọ. Itọ́ ni ó pè é. Bàbá Gàrúbà ò jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ní kí Ikhlas má fín omi lójú àlejò mọ́. Ikhlas gbà lẹ́nu, àmọ́ bí baba rẹ̀ bá ti lọ kírun báyìí, ó ti dé ìdí tábìlì.

Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Khalilullah kọ́kọ́ dé. Wọ́n ti kírun tán, Bàbá ṣì dúró gbọ́ wáàsí ní mọ́sáláásí. Ọmọkùnrin náà gbé agbádá funfun kan dání tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi so yìgì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ikhlas ò dáhùn. Ó tún un kí. Ikhlas gbé ojú sókè, ó wò ó, ó tún gbé ojú rẹ̀ padà sórí aṣọ. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mo sì rí i pé inú ti ń bí àlejò wa. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti ń ta ìkíni ní Àpòmù, pé lọ́dọ̀ àwọn ní Ìkirè ọ̀fẹ́ ni. Bó ṣe sọ ìyẹn tán ni Ikhlas tẹ̀ síwájú, tó fín omi ẹnu rẹ̀ sórí ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà. Omi náà tàn bí ìrì, àwọ̀ òṣùmàrè hàn nínú rẹ̀ fìrí, ó sì bà sórí aṣọ. Ikhlas nu ẹnu rẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹni tó bu omi sẹ́nu kì í kíni. Ká ní mo dá yín lóhùn ni, ẹ ò bá ti rin gbindin."

 Khalilullah dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́wọ́, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ikhlas ló gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó rí i pé kò ní gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọmọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí aṣọ sinmi mọ́. Lónìí á gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, lọ́túnla á gbé dàńṣíkí. Mo yẹ ọ̀kan wò lọ́jọ́ kan, ilà áyọ́ọ̀nù Ikhlas ṣì wà lára rẹ̀ ketekete, kò tíì wọ̀ ọ́ láti ìgbà tó ti gbé e lọ. Mo bi í pé ṣé aṣọ ló fẹ́ lọ̀ ni àbí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ ló fẹ́ fi ojú rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní kí n bá òun bá Ikhlas sọ̀rọ̀, torí gbogbo ohun tí òun bá ti tò sílẹ̀ látọ̀nà Ìkirè ló ń fò lọ bí òun bá ti dé iwájú rẹ̀.

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Mo wádìí rẹ̀ ná, torí alárinà tí kò wádìí ni yóò gba èébú níkẹyìn. Baba rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Ìyá Soliat, ló ń din dòdò ní Ìkirè, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀ yẹn kọjá rí á ti jẹ nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba yàrá kan nítòsí gáréèjì, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọ́ díẹ̀. Ikhlas náà ṣiyèméjì. Ó ní ṣé ẹni tó ń ya ọmọláńgidi tó ń jà ṣeé fi ṣe ọkọ, àbí ọmọdé ló ṣì ń ṣe é. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọmọkùnrin yìí bá sún mọ́ òun tán, ohun tí àwọn ará Gbọ̀ngán sọ ni yóò sọ. Mo ní kó jẹ́ ká wò ó ná.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Khalilullah tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun pe Ikhlas wá. Mo ké sí i, ó sì wá. Géèmù ìjà tuntun ni Khalilullah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe parí. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo àwọn tó ń jà nínú rẹ̀. Alápatà wà níbẹ̀, fọkanáísà tó ń fi afẹ́fẹ́ ta ènìyàn nù wà níbẹ̀, olúkúlùkù ló sì ní àrà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí á tọ́jú agbára pamọ́ fún. Ó fi ìka kan fóònù, obìnrin kan sì jáde síta pẹ̀lú hìjáábù aláwọ̀ àlùkò àti áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́. Alápatà ń bọ̀ wá bá a tòun tọ̀bẹ. Khalilullah tẹ ìka mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó yọ, ó yọ, nígbà tó gbé ìka kúrò, omi jáde lẹ́nu rẹ̀ ó sì bo gbogbo ojú fóònù bí ìrì òwúrọ̀. Alápatà ò ríran mọ́, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ̀ ọ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀.

Khalilullah ní Ìrì Àpòmù ni àwọn sọ àrà náà.  Ikhlas wo fóònù náà pẹ́, mo sì rò pé ó ti bínú ni. Ó wá na ọwọ́, ó gba fóònù, ó ní kí Khalilullah mú ẹni tó bá wù ú kó wá bá òun jà. Ọmọkùnrin náà mú fọkanáísà. Ikhlas fi omi ẹnu ara rẹ̀ nà án, ó tún un nà, títí ẹni tó ṣe géèmù fi ń bẹ̀bẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ń ṣomi.

Nígbà tí Khalilullah lọ tán, ọmọ náà jókòó tì mí.

"Àǹtí, gbogbo àwọn tó ń jà nínú fóònù, iná ni wọ́n ń jù," ó ní. "Ẹnìkan rí omi ẹnu mi, ó sì rí i pé agbára ni."

Ìfẹ́ wọlé nìyẹn, kò sì kan ilẹ̀kùn. Mi ò ní pa irọ́, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ fẹ́. Wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù mi lójú èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, Khalilullah sì ní bí òjò bá ti dáwọ́ dúró òun yóò rán ìyá òun wá. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò ni bí géèmù náà ṣe máa ràn. Àwọn ọ̀dọ́ gbá a ní Ìkirè, wọ́n gbá a ní Àpòmù, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ síra wọn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gàrúbà. Bàbá ò mọ ohun tó fà á. Oníbàárà kan tó fẹ́ràn àwàdà ló wá gbé fóònù sí wọn lójú, tó ní ẹ wo Ikhlas yín bó ṣe ń tutọ́ sí àwọn ọkùnrin lójú.

Bàbá wò ó. Wọ́n rí hìjáábù yẹn, wọ́n rí áyọ́ọ̀nù, wọ́n rí bí obìnrin náà ṣe tẹ̀ síwájú kó tó fín omi, bí àwọn gan-an ti kọ́ ọmọ wọn. Wọ́n bi oníbàárà náà pé ta ló ṣe é, ó sì dárúkọ Khalilullah. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n da èédú nù, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì wá bá mi.

"Bàlíkísù," wọ́n ní, "àwọn ará Gbọ̀ngán bú mi lójú mi, wọ́n sì lọ. Eléyìí ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń gbé aṣọ wá, àṣé ó ń wo bí òun yóò ṣe sọ wá di eré ọmọdé. Sọ fún un kó má dé ibí mọ́."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Khalilullah, ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu mi. Kò bá mi jiyàn. Ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe ló ṣe: bí nǹkan bá bí àgbà nínú, o máa gbé e kúrò níwájú rẹ̀ kíákíá, ẹ̀bẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó yọ Ìrì Àpòmù kúrò. Obìnrin náà ṣì wà nínú géèmù, ṣùgbọ́n ìgbátí ló kù tó ń gbá ènìyàn, kò fín nǹkan kan mọ́. Khalilullah wá sọ fún mi, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní kí n lọ sọ fún Bàbá pé òun ti gbọ́ràn. Ikhlas wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń bá mi di létí aṣọ.

"Ta ló ní kó o yọ ọ́?" ó bi í.

"Inú ń bí Bàbá. Mo ní kí n fi bẹ̀ wọ́n."

"Wọ́n ní o fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá wọn jiyàn pé irọ́ ni. O wá yọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìwà burúkú. Kí ni kí n tún wí fún wọn?"

"Ikhlas, nítorí rẹ ni mo ṣe—"

"Nítorí mi lo ṣe fi í síbẹ̀. Kì í ṣe nítorí mi lo ṣe yọ ọ́." Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó dìde. "Àwọn ará Gbọ̀ngán sá fún omi ẹnu mi. Ìwọ náà ti sá."

Ó jáde. Khalilullah fẹ́ tẹ̀ lé e, mo di apá rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà gún èmi gan-an lọ́kàn. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní ṣé mo rí i báyìí pé òun náà mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni.

Ààwẹ̀ dé bá wọn bẹ́ẹ̀. Nínú ààwẹ̀, Bàbá Gàrúbà kì í bu omi sẹ́nu, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ́n ọn sórí aṣọ. Ikhlas ń ràn wọ́n lọ́wọ́ torí aṣọ ọdún pọ̀. Kò sí omi lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó jó apá bùbá kan, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré. Khalilullah pè é títí, kò gbé e. Mo mọ̀ pé ó ń wo fóònù náà títí tí á fi dákẹ́, torí mo rí ojú rẹ̀. Ó ní ẹnu òun ò gbà á láti bi Khalilullah pé kí ló dé, torí bí ọmọkùnrin náà bá ń tijú òun lóòótọ́, òun ò ní lè dúró nídìí tábìlì yẹn mọ́ láyé. Ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ ọkọ lọ.

Nígbà tí a kí ìrun Yídì tán tí ìlú sinmi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkirè fúnra mi. Alárinà tó bá ń retí kí wọ́n wá pe òun á jókòó pẹ́. Mo bá Khalilullah nínú yàrá géèmù wọn, ó ti rù. Ó ní òun ti dá Ìrì Àpòmù padà sáyè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ikhlas jáde lọ gan-an, pé òun ò ní ìgboyà láti sọ ọ́ ni. Mo ní ìyẹn dáa. Mo wá bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: nígbà tó fẹ́ fi iṣẹ́ Bàbá Gàrúbà sínú géèmù, ṣé ó bèèrè lọ́wọ́ wọn? Ó sọ orí kọ́. Ó ní òun fẹ́ kó ya Ikhlas lẹ́nu ni. Mo ní ó ya baba rẹ̀ lẹ́nu ju Ikhlas lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àtòun jọ wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín eérú èédú. Bàbá ò ní kó dìde.

"Bàbá, mi ò wá tọrọ àforíjì pé mo fi iṣẹ́ yín sínú géèmù," ó ní. "Mo ti dá a padà síbẹ̀, mi ò sì ní yọ ọ́ mọ́, torí òun ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe. Àforíjì tí mo ń tọrọ ni pé mi ò bèèrè."

 Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rọra gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Iṣẹ́ yín ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ta wá ló fún ọ ní frídọ́ọ̀mù?"

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó. Bí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò gbé ọwọ́ lé e lórí lójú àwọn ènìyàn, tí yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì yọ̀nda rẹ̀. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ jẹun láìgba frídọ́ọ̀mù, kò lójú láàárín wa. Àwọn ọmọ tí mo ti yọ̀nda ò kéré, mo sì mọ ẹni tó yọ̀nda èmi náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ọmọláńgidi inú fóònù ló ń dun Bàbá. 

"Dìde," Bàbá ní. "Lọ fọ ẹnu rẹ. Omi tó mọ́ wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn."

Báyìí ni ẹni tó kàwé kọ̀ǹpútà di ọmọ iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní Àpòmù. Gbogbo Sátidé ló ń wá, ó ń fẹ́ iná èédú, ó ń na aṣọ sórí okùn. Omi tó kọ́kọ́ fín jáde bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá sín, ìdajì rẹ̀ sì dà sí i láyà. Ó gbé omi mì, ó wúkọ́, ó ba agbádá funfun kan jẹ́, wọ́n sì ní kó tún un fọ̀. Bàbá ò gbà kó jẹ obì tàbí ṣingọ́ọ̀mù lọ́jọ́ iṣẹ́, àfi kó fi omi tó mọ́ yọ ẹnu dáadáa kó tó bu èyí tó fẹ́ fín. Wọ́n á ní kì í ṣe itọ́ o, omi ni. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbogbo Sátidé, mo sì mọ̀ pé Gbọ̀ngán ni wọ́n ń dá lóhùn.

Ikhlas ń gbé èédú wá fún wọn, kì í wo ojú ọmọ iṣẹ́ tuntun. Lọ́jọ́ kan tí Khalilullah tẹ̀ síwájú, omi ẹnu rẹ̀ jáde fúú, ó tàn, kò kán. Ikhlas dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàgbé agbọ̀n èédú lórí. "Ó ti fín in," ó ní. Bàbá wúkọ́, Ikhlas sì sá lọ. Ẹ̀rín tó ń rín bó ṣe kọjá lójú fèrèsé mi, mo ti ń retí rẹ̀ látinú ààwẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni Khalilullah tọrọ àṣẹ, ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sórí obìnrin inú géèmù náà. Bàbá ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn, wọ́n lọ aṣọ kan tán, wọ́n wá ní báwo ni lẹ́tà náà yóò ṣe tóbi tó. "Kọ ọ́ gàdàgbà. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ ò dáa náà rí i." Láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, oníbàárà tó bá wọlé, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń bi í pé ṣé ó ti rí àwọn nínú fóònù.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ni Ìyá Soliat bá gbọ́ pé ọmọ òun ń fẹ́ iná èédú fún alágbàfọ̀. Ó dé láàárọ̀ Sátidé, ìborùn léjìká, ojú le koko. Ó ní òun ò fi owó dòdò rán ọmọ níwèé kó lè wá máa fi ẹnu bomi. Ó ní bí ọmọbìnrin ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Khalilullah fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá fi ọwọ́ dá a dúró. Mo rí Ikhlas lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dúró gbọingbọin, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan tó ti gbọ́ rí.

"Ẹ má bínú, ìyá," Bàbá ní. "Bí ẹnìkan tí kò kọ́ ọ lọ́wọ́ yín bá din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, tó ní dòdò Ìkirè ni, kí lẹ máa pè é?"

"Olè ni màá pè é."

"Ọmọ yín kì í ṣe olè. Ìdí tó fi wà níbí nìyẹn."

 Ìyá Soliat wo ọmọ rẹ̀, ó wo tábìlì, ó wá àga jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní ọmọbìnrin náà dà, kó jẹ́ kí òun rí bó ṣe ń ṣe é. Ikhlas wo baba rẹ̀. Bàbá tó ti ní kó má fín omi lójú àlejò mọ́ mi orí fún un. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó lọ fọ ẹnu, ó bu omi, ó fín in. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tutù.  Ìyá Soliat ṣí ìborùn kúrò léjìká rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì fún un pé kó bá òun lọ̀ ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún, mi ò tijú.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wá pé. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, Bàbá Àbídì, ló wá láti Ìkòyí láti ṣe olórí ẹbí, ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni. Baba ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá Gàrúbà sì jókòó sẹ́yìn ní jẹ́jẹ́ wọn. Khalilullah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Ikhlas wà nínú yàrá, ó ti bo orí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń wí.

Bàbá Àbídì bèèrè iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe. Agbẹnusọ àwọn ará Ìkirè ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n bèèrè pé ọ́fíìsì wo. Ẹnu agbẹnusọ wọ́, ó ní kò sí ní ọ́fíìsì, géèmù ni, ìjà inú fóònù. Bàbá Àbídì di ojú. Wọ́n ní ẹbí àwọn ò ní í fa ọmọ tí wọ́n tọ́ yanjú lé ẹni tó ń ṣeré lọ́wọ́, pé kí àwọn àlejò lọ tún ara wọn rò.  Èmi alárinà fẹ́ dìde láti sọ̀rọ̀.

Bàbá Gàrúbà ló dìde. Wọ́n kọjá láàárín gbogbo wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé Khalilullah lórí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí, kò yẹ kí n sọ̀rọ̀," wọ́n ní. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Bó bá wà nídìí áyọ́ọ̀nù, iṣẹ́ wa ló ń ṣe. Bó bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wa ló ń ṣe, orúkọ wa ló sì wà níbẹ̀. Lójú gbogbo yín, mo fún un ní frídọ́ọ̀mù lónìí. Iṣẹ́ tí baba wa fi tọ́ èmi àti ẹ̀yin, mo ti fi lé e lọ́wọ́. Ikhlas ló kù."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ikhlas ò dúró kí wọ́n pe òun, ó jáde, ó ṣí ojú sílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Bàbá Àbídì wo àbúrò wọn pẹ́. Wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n wá na ọwọ́ sí ẹni tó wà lórí ẹní.

"Dìde," wọ́n ní, "oníṣẹ́ wa."